Ọdún Tí Ìyá Mi Ju Okùn Sínú Kànga

Ìró aṣọ lórí òkúta ló máa ń jí mi ní Agbowó. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti rẹ aṣọ àwọn oníbàárà wọn sínú báàfù, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n mọ́ òkúta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Pàá, pàá, wọ́n á mí, pàá. Láàárín ìró kan sí èkejì ni mo ti máa ń gbọ́ ìyókù agboolé: Bàbá Sùlè tí wọ́n ń yọ omi lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, ìyàwó wọn tí wọ́n ń fẹ́ iná tí wọ́n sì ń bá iná náà jà bí ẹni ń bá èèyàn jà, àti garawa ìfami tó ń kọlu ara kànga bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, ilé tí mò ń gbé lápá Challenge sì ní omi ẹ̀rọ, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ojoojúmọ́ ló ń yọ. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí garawa ń kọlu ara kànga nílé ẹlòmíràn, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú. Kànga tó wà nílé mi báyìí ní ìdérí irin àti àgádágodo. Àwọn ayálégbé rò pé torí olè ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Àwọn tíṣà yunifásítì àti àwọn akọ̀wé ìjọba tó ń gbé Bódìjà ni oníbàárà wọn. Omi ẹ̀rọ wà ní Bódìjà, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ibẹ̀ kò fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn fọ aṣọ, èyí ló sì ń bọ́ wa. Agbowó ìgbà yẹn kò rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà láàárín ilé, ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ ju ti búlọ́ọ̀kù lọ, ẹyẹ ló sì ń ké nínú igbó tó wà lẹ́yìn wa. Bí a bá ti fọ aṣọ tán, tí a ti rì í bọ sítáàṣì, tí ìyá mi ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí Bódìjà lórí, tí màá máa rìn bí ẹni tó gbé ẹyin, kí ó má bàa rún. Bàbá mi ti lọ sí Kùmásí. Wọ́n ní àwọn ń lọ wáṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a máa ń gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bọ̀ kò rí wọn mọ́, àwa náà sì dẹ́kun bíbéèrè. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ wọn ní búburú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ wọn rárá.

Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé ń lò, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ kí a tó dé ibẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń bọ̀, wọ́n á tún un gbẹ́ sí i, torí omi á ti fà sẹ́yìn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń fa okùn. Àwọn obìnrin àti àwa ọmọbìnrin ń ru iyẹ̀pẹ̀ tó bá jáde lọ dà sí kòtò ọ̀nà, a sì ń se oúnjẹ. Okùn ńlá kan wà tí wọ́n fi ń sọ èèyàn kalẹ̀ sínú kànga. Ilé kọ̀ọ̀kan ló lọ́ tirẹ̀ wá nínú okùn náà, wọ́n wá so wọ́n pọ̀, débi pé bí ẹ bá fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó máa kan kókó ilé kan tẹ̀ lé ti èkejì. Ilé tí kókó rẹ̀ wà lórí okùn ni ilé tó ṣiṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti kéré, àwọn ilé yẹn ló ń kọ́kọ́ fa omi láàárọ̀. Àwọn yòókù á dúró títí wọ́n á fi tán. Àwa nìkan ni yòókù. Ọkùnrin kò sí nílé wa, okùn wa kò sì sí níbẹ̀.

Ìyá mi gbìyànjú lọ́dún yẹn. Wọ́n lọ́ okùn fúnra wọn, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ aṣọ tán, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì á na síwájú, wọ́n á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ìdí rẹ̀ mú. Wọn kò mọ ìwọ̀n tí ilé kan máa ń mú wá, wọn kò sì fẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, wọ́n lọ́ ọ títí tí ó fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Sátidé ọ̀wẹ̀ pé, èmi àti ìyá mi ti ru iyẹ̀pẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin jókòó láti sinmi, ìyá mi wọlé, wọ́n sì gbé okùn náà jáde ní kíká.

Bàbá Sùlè ni olórí iṣẹ́. Bíríkìlà ni wọ́n, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ọwọ́ wọn sì le bí igi. Wọn kì í ṣe èèyàn búburú. Àwọn ló fún wa ní páànù tó bo bàlùwẹ̀ wa, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

“Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí lo kó dání?”

“Okùn ni, Bàbá. Tilé wa ni.”

“Ta ló lọ́ ọ?”

“Èmi ni.”

Wọ́n gbà á, wọ́n fà á wò láàárín ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì mi orí bí ẹni tó rí i pé ó dára. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó sì ń tú, kò tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Bàbá Sùlè náà rẹ́rìn-ín.

“Èyí kì í ṣe okùn kànga. Okùn ìsáṣọ nìyí. Àbí o fẹ́ lọ sá ṣòkòtò àwọn tíṣà sínú kànga ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sùlè pariwo láti ìdí iná pé, “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ta ló fọ bùbá tó wà lọ́rùn yín? Ìdọ̀tí ọrùn yín nìkan tó iṣẹ́ ọjọ́ kan!” Ìyẹn tún mú kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, láti òwúrọ̀ lèmi àti ọmọ mi ti ń ru iyẹ̀pẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?”

“Ìrànlọ́wọ́ ni,” ni Bàbá Sùlè wí. Wọ́n sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “A sì dúpẹ́ gan-an.”

Ìyá mi ká okùn wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so ó láti ara igi àgbálùmọ̀ dé ara igi ọsàn, wọ́n sì sá aṣọ lé e. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gba orúkọ tí Bàbá Sùlè fún okùn náà.

Ohun tí ẹni tó ń fa omi kẹ́yìn máa ń bá nínú kànga lẹ́ẹ̀rùn kì í ṣe omi, ẹrẹ̀ tó ṣàn díẹ̀ ni. Ìyá mi á gbé e kalẹ̀ kó lè tòrò, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á tún sẹ́ ẹ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, aṣọ funfun ń pọ́n. Mo rántí ìyàwó tíṣà kan ní Bódìjà tí wọ́n na ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ wọn sójú oòrùn, tí wọ́n wò ó síwájú, wò ó sẹ́yìn. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé amọ̀ ni màmá ẹ fi fọ èyí ni?” Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní kí n má padà wá mọ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìyá mi ní bí oníbàárà mìíràn bá tún lọ, àwọn á mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn ní Àpáta, kí n máa bá wọn tajà. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí tajà kì í lọ sílé ìwé. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀ omi kànga láràárọ̀ bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀.

Ọdún ìbò lọdún náà, ọdún tí àwọn èèyàn ń dáná sun ilé ara wọn. N kò lè sọ púpọ̀ nípa ìṣèlú rẹ̀. Ọmọdé ni mí, àwọn àgbàlagbà tó sì mọ̀ ọ́n ń sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́rì tó kún fún àwọn jàǹdùkú ń kiri, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n á béèrè pé ẹgbẹ́ wo lo wà, ìdáhùn tó tọ̀nà lópòópónà kan kì í sì í tọ̀nà lópòópónà kejì. A rí èéfín lápá ọ̀nà ńlá. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọkùnrin agboolé wa dìde lọ sí àwọn oko lẹ́yìn Mọ́níyà, wọ́n sì kó àwọn ọmọkùnrin wọn tó ti tó géńdé dání. Agboolé dákẹ́ lọ́nà tí n kò gbọ́ rí. Kò sí ẹni tó ń yọ omi lẹ́nu láàárọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ṣe òfin kan láàárín ara wọn: ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìró lọ́rì kò gbọdọ̀ dúró de ẹnì kejì. Igbó ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin tó dára ni. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Kànga kò mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ti lọ. Omi fà sẹ́yìn títí garawa fi ń gbé ẹrẹ̀ nìkan bọ̀. Àwọn obìnrin kóra jọ sẹ́nu rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń wò ó. Bí ẹnì kan kò bá wọlé lọ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kò ní sí omi fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ fà tàbí ẹni tó kẹ́yìn. Ìyá Sùlè ló wọlé lọ gbé okùn ńlá náà jáde. Obìnrin kankan kò fọwọ́ kàn án rí.

“Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bínú,” ni Ìyá Sùlè wí, “ẹ ní èmi ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń bí ọkọ mi nínú, kò tí ì kú.”

Ẹni tó fúyẹ́ ni wọ́n nílò. Àwọn ọmọkùnrin tó kù kéré jù, wọ́n á sunkún. Èmi tín-ín-rín, mo sì lágbára díẹ̀. Mo rí i tí gbogbo wọn wò mí, tí wọ́n sì tún wo ìyá mi. Ìyá mi wo aṣọ funfun tó wà lórí okùn ìsáṣọ wọn, aṣọ tí omi kò tí ì tó láti ṣan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fúnra wọn so okùn mọ́ mi níbàdí àti lábẹ́ apá, wọ́n sì fà á wò bíi pé ẹrù ni mí.

“Màmá, ta ló máa di okùn mú?”

“Èmi ni. Èmi ni mo wà níwájú. Gbogbo àwọn ìyá yín wà lẹ́yìn mi.”

Ìyẹn tó mi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Inú kànga tutù, ó ń rùn bí ìkòkò tuntun, ojú ọ̀run sì ń kéré sí i títí ó fi tó àwo kan. Mo dúró nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún mi, mo ń fi igbá bù ú sínú garawa ìfami wa, wọ́n ń fà á lókè. Mo ń gbọ́ Ìyá Sùlè tí wọ́n ń ṣe bí olórí iṣẹ́, tí wọ́n ń wúkọ́ bí ọkọ wọn, tí àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí torí pé òótọ́ ni: inú mi dùn nínú kànga yẹn, mo sì ń rò ó pé omi tó mọ́ ni mò ń wà fún ìyá mi.

Garawa ti dé agbedeméjì nígbà tí ìró lọ́rì dé. Èmi kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn kan pé, “Wọ́n ti dé o!” lẹ́yìn náà garawa ń já bọ̀, ó sì kù díẹ̀ kó bà mí, okùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ tó ń sáré máa ń dún lábẹ́ ilẹ̀ ju bó ṣe ń dún lórí ilẹ̀ lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe lọ tán. Mo wòkè, orí ìyá mi yọ nínú àwo ojú ọ̀run yẹn, n kò rí ojú wọn, òkùnkùn ni lójú mi. Wọn kò sọ nǹkan kan. Okùn ńlá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká lé mi lórí, kókó ilé kan tẹ̀ lé kókó ilé kejì, títí tí ìdí rẹ̀ fi bọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ti ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wọ́ páànù bo ẹnu kànga, àwo ojú ọ̀run parẹ́.

N kò sunkún. Àwọn èèyàn tí mo ti sọ ọ́ fún máa ń rò pé ìgboyà ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ni kò jáde. Mo di okùn náà mú, okùn tí kò sí ẹni tó di orí rẹ̀ kejì mú, mo sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi bọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé páànù. Báàfù ni, mo mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe dún. Omi inú rẹ̀ ta sílẹ̀, ó sì ń kán sí mi lórí gba ihò ìṣó. Lẹ́yìn náà ni ìró aṣọ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń fọṣọ lórí mi.

Lọ́rì náà dúró nítòsí. Ohùn ọkùnrin kan kí ìyá mi kú iṣẹ́. Ó ń fi “ẹ” bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, n kò sì mọ ìdí tí ìyẹn fi bà mí lẹ́rù ju bí ì bá ṣe bú wọn lọ.

“Màmá, níbo làwọn ọkùnrin àdúgbò yìí wà?”

“Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọkùnrin bá wà nílé mi, ṣé ẹ máa bá mi nídìí aṣọ oníbàárà lágbà yìí?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, “Gbogbo ilé ló ti ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò sá?”

“Ta ni màá sá fún? Ọmọ ẹlòmíràn ni yín. Èmi nìkan ni mo wà níbí. N kò lọ síbì kankan. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni màá wà.”

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní mọ́tò àwọn ti gbóná, kí ìyá mi dìde kí àwọn fa omi nínú kànga. Mo gbọ́ tí ìró aṣọ dúró. Gbogbo ara mi dúró pẹ̀lú rẹ̀.

“Kànga ti gbẹ, ọmọ mi. Ẹ wo omi tí mo fi ń fọṣọ, ṣé ẹ kò rí i bó ṣe pọ́n? Ẹ̀gbin ni yóò lọ dí ẹ́ńjìnì yín. Ẹ wọ bàlùwẹ̀ mi, omi kan wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo tọ́jú láti fi ṣan aṣọ. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀.”

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀. Omi tó tòrò tí a ti ń kó jọ fún ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n dà á sínú lọ́rì. Wọ́n lu àwọn ilẹ̀kùn kan, wọ́n ta páànù kan nípàá, wọ́n sì lọ. Ìró aṣọ tó tún ti bẹ̀rẹ̀ kò dúró títí tí ìró lọ́rì fi parẹ́ pátápátá, ó sì tún ń lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí páànù kúrò, ìmọ́lẹ̀ dùn mí lójú. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o wà ńbẹ̀?” Mo ní mo wà ńbẹ̀. Okùn méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀, gbogbo ilé yòókù sì wà ní títì, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí okùn mìíràn. Ìyá mi lọ sídìí igi àgbálùmọ̀. Wọn kò kó aṣọ kúrò lórí okùn ìsáṣọ. Wọ́n tú u bẹ́ẹ̀, gbogbo aṣọ funfun náà sì já sínú erùpẹ̀, ti tíṣà, ti akọ̀wé, gbogbo rẹ̀. Okùn tó gùn jù yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n so ìdí okùn ńlá mọ́ ọn, kí n so ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo so ó. Wọ́n fà á gòkè. Ìgbà tí mo rí okùn ńlá tó ń kúrò nínú ẹrẹ̀, tó ń na sókè, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyá mi kò lè dá mi fà. Wọ́n gbìyànjú, mo gòkè díẹ̀, mo tún padà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan ṣí, ẹni tó sì jáde ni Bàbá Sùlè. Wọn kò sí ní Mọ́níyà. Wọ́n ti yọ́ padà wálé, inú àjà ilé wọn ni wọ́n wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi ìyàwó wọn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé òwú aláǹtakùn bo gbogbo orí wọn.

“Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ló wà ńbẹ̀?”

“Òun ni.”

Bàbá Sùlè bọ́ síwájú, níbi tí wọ́n máa ń dúró sí lọ́dọọdún, wọ́n sì na ọwọ́ sí okùn.

“Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi, Bàbá,” ni ìyá mi wí. “Mo ti sọ fún un pé èmi ni mo wà níwájú.”

Ohùn wọn kò le rárá. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Sùlè bọ́ sẹ́yìn, okùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí gòkè. Nígbà tí mo yọ lẹ́nu kànga, ojú ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn wọn ni ti Bàbá Sùlè, lẹ́yìn tiwọn ni ti Ìyá Sùlè tí wọ́n ti sáré padà láti inú igbó pẹ̀lú ẹ̀gún lára gèlè. Ìyá mi tú okùn lára mi. Wọn kò dì mọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀, wọ́n wá rántí pé kò sí omi, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lójijì lórí aṣọ àwọn oníbàárà.

Ìjọba yí padà láìpẹ́ sí ìgbà náà, àwọn ọkùnrin sì padà wálé ní ẹyọ ẹyọ. Ìyá mi tún gbogbo aṣọ yẹn fọ̀ pẹ̀lú omi tó sun lẹ́yìn tí mo kó ẹrẹ̀ kúrò. Ìyàwó akọ̀wé kan kò gbà á mọ́. Àwọn yòókù gbà á. N kò lọ sí Àpáta. Bàbá Sùlè kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú oṣù wọ̀nyẹn, ìyá mi kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nípa àjà. Èmi gan-an kò mọ̀ pé inú àjà ni wọ́n ti jáde wá lọ́jọ́ yẹn títí tí mo fi dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀wẹ̀ ọdún kejì dé, Bàbá Sùlè dìde lójú gbogbo ọkùnrin. Wọ́n ní kí wọ́n tú okùn ńlá, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún kókó ilé Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí ilé náà sì máa fa omi pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́kọ́ fà.

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ni ìyá mi wí. “Okùn mi ń sá aṣọ. Ẹ jẹ́ kó máa sá aṣọ.”

“Kí lo wá fẹ́?”

“Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kà.”

Kò yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi ní ẹni tó ru iyẹ̀pẹ̀, ó ṣiṣẹ́; ẹni tó fa okùn, ó ṣiṣẹ́; ẹni tó bá sì mọ èkínní kó kọ́ èkejì, torí kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò kù nílé lọ́jọ́ mìíràn. Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní òun kò lè gbé agbọ̀n sórí láyé òun, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun má bàa rí òun. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá Sùlè ló parí rẹ̀. Wọ́n lọ bá ìyàwó wọn, wọ́n sì ní kó fún àwọn ní òṣùká.

“Yéè!” ni Ìyá Sùlè ké. “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo ìyàwó tuntun! Ẹ gbé ọrùn dúró, Bàbá Sùlè. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá dà á lé mi lórí, màá lọ sílé àwọn òbí mi lónìí!”

Iyẹ̀pẹ̀ náà dà sí wọn léjìká kí wọ́n tó dé kòtò. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò dà púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló tẹ̀ lé wọn, àwọn kan kò sì tẹ̀ lé wọn títí tí a fi kó kúrò ní Agbowó. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí kànga láàárọ̀ ló ń kọ́kọ́ fa omi, ìyá mi ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

N kò wọ kànga mọ́, n kò sì dúró nítòsí rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá mi ti darúgbó tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, a jọ ń ká aṣọ lọ́jọ́ kan, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tí n kò bi wọ́n láti ọjọ́ yẹn.

“Màmá, kí ló dé tí ẹ ju okùn sí mi?”

“Bí àwọn jàǹdùkú yẹn bá rí okùn, wọ́n á wo ibi tó lọ.”

“Mo rò pé ẹ ti fi mí sílẹ̀ ni.”

“Mo mọ̀ pé wàá rò bẹ́ẹ̀.” Wọ́n mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan nínú agbọ̀n, wọ́n ń wá etí rẹ̀. “Mo ní kó o wà láàyè, kó o máa rò ó.”

Wọ́n na etí aṣọ náà kan sí mi, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi nà tán láàárín wa.

“Dì í mú dáadáa,” ni wọ́n wí. “Ó yá, fà á.”

Mo fà á. Àwọn náà fà á lọ́dọ̀ wọn.